Akínlọ́ṣọ̀ọ́, Ẹni Tí Ó Ró Aṣọ Gbé Àpáta

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ Akínlọ́ṣọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá wọ ṣòkòtò wá, kí ó dúró lẹ́yìn màrìwò títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán. Aṣọ wà lórí okùn lọ́hùn-ún tí yóò kárí gbogbo yín. Ẹ̀yin méjì tí ẹ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé ẹ rí bàbá arúgbó bí èmi tí ó di ṣùkú, tí ó ró aṣọ, tí apá rẹ̀ sì ki bí ìdí ọ̀pẹ, mo ti rí yín. Ẹ rẹ́rìn-ín yín tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín yóò sá lẹ́nu yín.

Ní ayé àtijọ́, kí àwọn tí ó bí àwọn baba ńlá wa tó la ọ̀nà tí ẹ gbà gun òkè yìí, nígbà tí ẹkùn ṣì ń mu omi níbi tí ààfin wà lónìí, Ìdó-Ọlọ ti jẹ́ ìlú. Ohun méjì ni a fi mọ̀ ọ́n. Èkíní ni ọlọ, nítorí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ ìyá ọlọ àti ọmọ ọlọ tí gbogbo agbègbè fi ń lọ ata. Èkejì ni omi tí ń sun nínú ihò àpáta lórí òkè, omi tútù tí kì í mọ ẹ̀ẹ̀rùn, tí à ń pè ní Omi Yèyé. Obìnrin kan ni ó kọ́kọ́ rí i, òun ni ó sì fi òfin lélẹ̀ pé ẹni tí yóò wọ ihò náà gbọ́dọ̀ ró aṣọ, kí ó di irun, kí ó sì wé gèlè. Ṣòkòtò kò gbọdọ̀ kọjá màrìwò. Ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún, kí ẹnikẹ́ni tó pọnmi, ọmọ ìdílé obìnrin náà yóò kọ́kọ́ fi ìkòkò dúdú bu omi, yóò sì dà á sílẹ̀ fún Yèyé. Ìyá Olómi ni oyè rẹ̀, ọmọbìnrin ni ó sì ń gbà á lọ́wọ́ ìyá.

Ìyá Olómi tí ọ̀rọ̀ yìí bá ni Omíyalé. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi jíǹkí rẹ̀, ọkùnrin sì ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Òkédìran.

Òkédìran, ọmọ tí ó gbé ọlọ kí ó tó mọ orúkọ ata! Nígbà tí ó fi pé ogún ọdún, kò sí ẹni tí ó lè dá a níbi ìjàkadì. Bí ó bá gbé owú, òòlù irin ńlá, sókè láti la òkúta, àwọn àgbà agbẹ́lọ á dúró, wọ́n á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí iṣan ṣe ń yí níbẹ̀, wọ́n á sì gbàgbé iṣẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wẹ eruku òkúta kúrò lára ní ìrọ̀lẹ́, aṣọ obìnrin ni ó ń ró. Á fi osùn pa ẹsẹ̀, á so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn, á jókòó síwájú ìyá rẹ̀ kí ó bá a di irun, á sì wé gèlè jáde lọ kí àwọn ará àdúgbò.

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í pé, “Òkédìran, kí ni o rí nínú aṣọ mi?”

“Ìyá mi, bí mo bá ró o, ara mi máa ń balẹ̀.”

“Òkúta tí o ń gbé kiri ńkọ́?”

“Bí mo bá gbé òkúta, ara mi máa ń balẹ̀ náà.”

Omíyalé kò bá a jà. Ó fà á mọ́ra, ó sì kọ́ ọ bí a ṣe ń ró aṣọ kí ó le mọ́ ìdí, kí ó má baà tú bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ gbé ẹrù. Àwọn ará ìlú ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lóòótọ́. Wọ́n á ní, “Ẹ wo ìyàwó tí yóò gbé ọkọ jù sórí àjà!” Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á sì kọjá lọ.

Nígbà tí ó yá, orúnkún Omíyalé kò gun òkè mọ́. Òkédìran ní òun ni òun yóò gba ìkòkò dúdú. Àwọn obìnrin ìlú ní kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, ṣebí ó ń ró aṣọ, ó sì ń di irun. Ṣùgbọ́n Ọ̀dọ̀fin, olórí àwọn agbẹ́lọ, dìde níwájú ọba, ó na ìka sí Òkédìran.

“Ìwọ ọmọ yìí, yan ọ̀kan. Bí ìkòkò ni o fẹ́, fi owú sílẹ̀ kí apá yìí rọ̀, kí o lè jọ obìnrin tí omi mọ̀. Bí owú ni o fẹ́, bọ́ aṣọ ìyá rẹ. Méjèèjì papọ̀, ojú wa kò gbà á.”

Òkédìran wo ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá kọ̀, ìkòkò yóò jáde kúrò nílé wọn, ìyá òun yóò sì máa tọrọ omi níbi tí àwọn ìyá rẹ̀ ti ń fi omi tọrẹ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbà. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe àṣìṣe. Mo sọ ọ́ ní gbangba níwájú ojúbọ rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó gba ẹnu Ifá ní kí á máa sọ ọ́.

Fún oṣù mẹ́fà, kò fọwọ́ kan owú. Ẹ̀kọ mímu tí ó ṣàn bí omi ni ó ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́, kò jẹ òkèlè. Ó fi ọ̀já di apá rẹ̀ méjèèjì pinpin, kí iṣan má baà rọ́nà yọ. Omíyalé bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Apá gbẹ, àyà wọlé, àwọn ìjòyè sì ń yìn ín, wọ́n ní ó ti ń dára. Àwọn obìnrin tí ń tẹ̀ lé e lọ sí omi nìkan ni wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ìkòkò, àti pé kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, Omíyalé fi ọ̀pá tilẹ̀ bá a gun òkè, kí ó lè fi ibi tí omi ti ń sun gan-an hàn án ní ìkángun ihò. Òkédìran jáde láti gbé ìkòkò wọlé. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e, òrùlé àpáta sán, pẹpẹ òkúta kan já bọ́, ó sì dí ẹnu ihò. Omi dáwọ́ dúró. Kìkì àlàfo kan tí ọwọ́ lè gbà ni ó ṣẹ́ kù, ohùn ìyá sì gba ibẹ̀ jáde pé, “Mo wà láàyè. Omi wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ má fòyà.”

Òkédìran fi èjìká ti òkúta náà, kò mì. Ó tún tì í, kò mì. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo apá ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ilé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáná sun, ó sì sunkún kíkorò.

Ogójì agbẹ́lọ ti sáré dé, gbogbo wọn gìrìgìrì, wọ́n dúró lẹ́yìn màrìwò nínú ṣòkòtò. Àwọn obìnrin tú aṣọ ìlékè wọn, wọ́n jù ú sí wọn pé kí wọ́n ró o, kí wọ́n wọlé wá. Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ọ̀dọ̀fin ní, “Kí èmi ró aṣọ lójú àwọn ìyàwó mi? Kí ni n ó fi jẹ́ baálé mọ́?” Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: òfin kò dí wọn lọ́nà, ẹni tí ó bá ti ró aṣọ lè dé ẹnu ihò. Aṣọ wà lẹ́sẹ̀ wọn, agbára wà lápá wọn. Ìtìjú ni ó so wọ́n mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́.

Nígbà náà ni Òkédìran dìde. Ó tú ọ̀já kúrò ní apá rẹ̀ méjèèjì, ó fi wọ́n di aṣọ rẹ̀ mọ́ ìdí, ó sì fi ẹnu sí àlàfo.

“Ìyá mi, ẹ fún mi láyè. N ó gbà yín jáde.”

“Ọjọ́ mélòó?”

“Iye tí apá mi bá bèèrè.”

“Èmi kò kánjú,” ni ìyá dá a lóhùn. “Jẹun dáadáa.”

Àwọn obìnrin gbé odó gun òkè. Ìgbà mẹ́ta lójúmọ́ ni wọ́n ń gún iyán fún un, wọ́n sì ń ki àkàrà bọ inú àlàfo fún Omíyalé. Kò sí ẹni tí ó lè dáná sí òkúta náà kí ó lè sán, nítorí èéfín yóò pa ẹni tí ó wà nínú. Nítorí náà, ó ṣe é bí agbẹ́lọ. Ó lu ihò tẹ̀ léra tẹ̀ léra sí ara òkúta, ó gbá èèkàn igi gbígbẹ bọ̀ ọ́, ó da omi òjò sí igi náà títí ó fi wú, òkúta a sì ké, a là. Ní ọjọ́ kìíní, ó na owú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ṣubú. Ní ọjọ́ kejì, ó na owú lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tún ṣubú. Ó ń ṣubú, ó ń dìde. Bí irun rẹ̀ bá tú, àwọn obìnrin a tún un dì níbi tí ó jókòó sí tí ó ń jẹun, nítorí ó ní òun kò ní dúró níwájú Yèyé ní jákujàku. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, apá rẹ̀ ti padà, ó sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó kù nínú òkúta náà ni ó gbé òrùlé ihò dúró. Bí ó bá là á, àpáta yóò ya lu ìyá. Àfi kí a gbé e sókè, kí a fa obìnrin náà jáde lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin pẹ̀lú òun ni yóò tó o gbé. Ó yíjú sí màrìwò, níbi tí àwọn agbẹ́lọ ti ń wá dúró lójoojúmọ́.

“Ọ̀dọ̀fin, baba mi, mo bẹ̀ yín. Aṣọ nìyẹn lẹ́sẹ̀ yín.”

Ọ̀dọ̀fin dorí kodò.

“Ó dáa,” ni Òkédìran wí. “Ẹ máa wò mí.”

Ó tún aṣọ rẹ̀ ró bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ó tún gèlè wé. Ó fi osùn pa apá rẹ̀, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, apá tí ó ti fi pamọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ó wọ abẹ́ òkúta, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó sì nà ró. Òkúta gbéra! Àwọn obìnrin sáré wọlé, wọ́n fa Omíyalé jáde. Ẹsẹ̀ Òkédìran ti rì wọ ilẹ̀ dé orúnkún.

“Jáde, ọmọ mi! Jáde!”

“Bí mo bá jáde, òrùlé yóò wó, omi yóò sì lọ. Ẹ máa lọ, ìyá mi. Ara mi balẹ̀.”

Ohùn yẹn ni ó fọ́ ìtìjú Ọ̀dọ̀fin. Ó bọ́ ṣòkòtò, ó he aṣọ, ó lọ́ ọ mọ́ ìdí bákan ṣá, ó sì fò kọjá màrìwò, ogójì agbẹ́lọ sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ Ọ̀dọ̀fin ní aṣọ ríró rí. Aṣọ ń tú, ó ń fi ọwọ́ kan dì í mú, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó sì gbé dé ibẹ̀. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, òkúta ti dúró fúnra rẹ̀ bí òpó, kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Omi ya, ó ń ru. Ní àárín omi náà, ìyá ọlọ kan wà tí agbẹ́lọ kankan kò gbẹ́, ọmọ ọlọ sì wà lórí rẹ̀, gèlè Òkédìran sì wà lára ọmọ ọlọ ní wíwé, ó gbẹ táútáú.

Wọ́n fẹ́ figbe ta. Omíyalé ní kò sí òkú níhìn-ín, kí wọ́n kúnlẹ̀. Ó fi ohùn tí kò gbọ̀n sọ ọmọ rẹ̀ ní orúkọ tuntun, ó sì kì í pé:

Akínlọ́ṣọ̀ọ́, ọmọ Omíyalé,
Akọni tí ń di ṣùkú, arẹwà tí ń la àpáta,
Ó gbé òkè, gèlè kò yẹ̀ lórí rẹ̀,
Ó ró aṣọ, apá rẹ̀ kò rọ̀,
Wọ́n ní kí ó yan ọ̀kan, ó gbé méjèèjì wá sílé.

Ìdí nìyí tí a kì í fi gbé ẹ̀kọ mímu wá síhìn-ín, iyán gbígbóná ni à ń fi bọ ọ́. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi so nǹkan mọ́ apá nínú ọgbà yìí. Ẹni tí ó bá sì sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé “yan ọ̀kan” nínú ilé Akínlọ́ṣọ̀ọ́, òun ni yóò gún iyán gbogbo ìlú lọ́dún náà, kì báà jẹ́ ọba. Èmi gan-an, kí wọ́n tó fi mí jẹ àwòrò ojúbọ yìí, mo gbé ọmọ ọlọ yẹn kọjá orí, mo sì di irun ẹlòmíràn lójú gbogbo ìyá, nítorí ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan ṣoṣo kò lè jókòó sórí ẹní yìí.

Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ó fi jẹ́ pé láti ayé Ọ̀dọ̀fin yẹn, ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ Ọ̀dọ̀fin ní Ìdó-Ọlọ ni yóò kọ́kọ́ ró aṣọ lọ́jọ́ ọdún, kí ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ ọlọ yẹn. Obìnrin tí ó bá jẹ Ìyá Olómi láti ìdílé Omíyalé ni yóò sì bá a ró o.

Ọ̀dọ̀fin, baba mi, ẹ dìde. Aṣọ yín rèé. Ìyá Olómi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ró o kí ó le, kí ọwọ́ wọn méjèèjì lè ṣófo. Òkúta ń dúró dè wọ́n.