Bí Amòòkùn Ṣe Di Ẹni Tó Ń Na Apá Sóòrùn

Nígbà láéláé, nígbà tí ènìyàn kankan kò tíì tẹ̀dó sí etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, etí omi nìkan ni gbogbo ẹyẹ omi ti ń jẹun. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ibú.

Gbogbo wọn ló ní òróró nídìí ìrù. Láràárọ̀, wọn a fi ẹnu mú un, wọn a fi pa ìyẹ́. Bí omi bá kàn wọ́n, á yọ̀ dànù bí ìgbà tó bá kán sórí ewé kókò.

Ẹyẹ tí à ń pè ní Amòòkùn lónìí wà láàárín wọn. Dúdú ni wọ́n ń pè é nígbà náà, torí àwọ̀ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọmọ mẹ́ta ni.

Ní ọdún kan, ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Omi ọ̀sà fà, ẹrẹ̀ etí omi gbẹ, gbogbo ẹja sì sá wọ ibú. Lékeléke gba pápá lọ, ó ní òun á máa jẹ tata. Bàbá Agùfọn, àgbà ẹyẹ, dúró sórí ẹrẹ̀ gbígbẹ náà láti àárọ̀ di ọ̀sán, kò rí alákàn kan mú.

Àwọn ọmọ Dúdú sunkún títí ohùn wọn fi há.

Dúdú fò lọ sójú ibú, ó sì ki orí bọmi. Pàá! Omi gbé e padà sókè bí igbá. Ó tún gbìyànjú, omi tún gbé e jáde. Àwọn ẹyẹ ń rẹ́rìn-ín.

“Òróró ara mi ni kò jẹ́ kí n rì,” ló wí. Ló bá wọ inú yanrìn, ó ń fi ara gbo ó.

Pẹ́pẹ́yẹ, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sáré dé. “Ọ̀rẹ́ mi, má ṣe é! Bí òróró yẹn bá tán lára rẹ, omi á máa wọ̀ ọ́ lára ni. Òtútù á pa ọ́.”

“Òtútù lè pa mí tó bá yá,” Dúdú fèsì. “Ebi ti fẹ́ pa àwọn ọmọ mi báyìí.”

Ó gbo ara títí òróró fi tán. Ó padà sójú ibú, ó sì wọlẹ̀ ṣinrin. Ọkàn Pẹ́pẹ́yẹ kò balẹ̀ mọ́.

Nísàlẹ̀, omi tutù bíi yìnyín, ibẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n ẹja kún ibẹ̀ bámúbámú. Dúdú kọ lù wọ́n. Ó mú ńlá kan. Àwọn yòókù sá gìrì lọ sí etí omi, níbi tí àwọn ẹyẹ dúró sí. Ni gbogbo wọn bá ń jẹ àjẹyó.

Dúdú jáde, ó bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ yó. Ara rẹ̀ rin gbindin, ó ń gbọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ ẹyẹ kan pariwo pé, “Ẹ wo adìẹ tí òjò pa!” Ojú tì í, ó ká apá mọ́ra.

Bàbá Agùfọn bínú. “Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn? Ẹja tó wà lẹ́nu yín, ta ló lé e wá?”



Ó kọjú sí Dúdú. “Ọmọ mi, Dúdú kọ́ lorúkọ rẹ mọ́. Amòòkùn ni ọ́, ìwọ lo ni ibú. Gun orí igi. Na apá rẹ kí oòrùn rí i, kí gbogbo ọ̀sà rí i. Omi ara rẹ kì í ṣe ohun ìtìjú. Oyè ni.”

Amòòkùn gun orí igi, ó sì na apá méjèèjì gbọọrọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ na tiwọn náà.

Láti ọjọ́ náà ni Pẹ́pẹ́yẹ ti ń jẹun lójú omi, tí Agùfọn ń jẹun níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tó, tí Amòòkùn, tí kì í fi òróró pa ìyẹ́ mọ́, sì ń jẹun nínú ibú. Bó bá ti jáde, á gun orí igi, á na apá sóòrùn. Kódà bí ọkọ̀ ojú omi ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ká apá mọ́ra.