Ìmàdò Ba Ìkòkò Aró Mẹ́ta Jẹ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá lórí Ìmàdò, ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí kì í gba ẹ̀kọ́.

Ìmàdò fẹ́ fẹ́ Ẹtù. Àwọn òbí Ẹtù ní àwọn ò ní fún un lọ́mọ àfi bó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ aṣọ mẹ́ta láró, kí wọ́n dú kirikiri, lọ́jọ́ márùn-ún. Ìmàdò bá gba ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró aláró lọ. Àwẹ̀ró fún un ní ẹ̀lú àti ìkòkò omi eérú mẹ́ta. Ó ní omi eérú tó ń ta ahọ́n, tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ yìí, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀lú wọ aṣọ. Ó ní kó má jẹ́ kí ohun kíkan kàn án rárá.

Ìmàdò rẹ́rìn-ín. Ṣé obìnrin yìí rò pé òpè lòun ni? Omi eérú le, ọsàn wẹ́wẹ́ náà le. Bí òun bá pa méjèèjì pọ̀, ṣebí líle á di ìlọ́po méjì. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò rí irú orí báyìí!

Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò kìíní. Ó hó ṣùù! Inú rẹ̀ dùn, ó forin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é:

Kíkan rèé, títa rèé,
*Ó hó ṣùù!*
Èmi Ìmàdò ni mo ni méjèèjì,
*Ó hó ṣùù!*
Ta ló tún gbọ́n tó mi?
*Ó hó ṣùù!*

Ìfófòó rọlẹ̀, ó da ẹ̀lú sí i. Ó rẹ aṣọ, ó sá a, ó fi omi ṣàn án. Aró bá omi lọ, aṣọ funfun báláú.

Ó ní ọsàn ni kò tó. Ó fún púpọ̀ sí i sínú ìkejì. Ṣùù! Ó kọrin. Aṣọ funfun báláú.

Àwẹ̀ró dé, ó bu omi ìkòkò kejì sínú igbá, ó kán omi òdòdó isápá sí i láti dán an wò. Ohun kíkan máa ń sọ omi isápá di pupa, omi eérú a sì sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Tibí yìí ò ṣe ọ̀kankan.

Ó ní, “Omi rẹ ti kú. Kíkan àti títa ti pa ara wọn. Ìkòkò kan ló kù fún ọ, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.”

Ìmàdò mi orí pé òun gbọ́. Àwẹ̀ró kẹ̀yìn báyìí, Ìmàdò fún odindi apẹ̀rẹ̀ ọsàn kan sínú ìkẹta. Ṣùù! Ó kọrin. Ẹ ti mọ bí aṣọ ṣe rí.

Lọ́jọ́ karùn-ún, àwọn àna dé. Ìyá Ẹtù wo aṣọ funfun mẹ́ta lórí okùn, ó béèrè bóyá wọ́n ń sìnkú nílé náà. Àwẹ̀ró ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún wọn. Ẹtù sọ fún Ìmàdò pé, “Ti àkọ́kọ́, ẹ ò tíì rí ohun tó máa ṣe. Ti ìkẹta, ẹ ti rí i, wọ́n sì ti tún un sọ fún yín. Mi ò fẹ́ yín mọ́.”

Wọ́n lọ. Ìmàdò sunkún títí ojú rẹ̀ wú. Nínú ẹkún náà, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọsàn yẹn ni kò tó.

Ibẹ̀ ni mo bá ààlọ́ mi dé. Ó kọ́ wa pé ohun líle méjì lè pàdé kí wọ́n sọ ara wọn di omi lásán. Ó sì kọ́ wa pé ẹni tí a kọ́ níṣẹ́, tó ń fi wá ṣẹ̀sín, kó má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi bó bá sunkún nígbẹ̀yìn.