Ọdẹ́rìndé ní Ayé Tí Oòrùn Rẹ̀ Kì Í Wọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó ń jẹ obì, kó rọra rún un, ọ̀rọ̀ Ọdẹ́rìndé kò fẹ́ ariwo. Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọdẹ́gbàmí, ọmọ a-rí-ẹfọ̀n-má-yà-lọ́nà, ọmọ a-fàyà-pàdé-ẹkùn, àgbà ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ kì í tàsé. Òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ jù.

Ó lé ìgalà kan wọ ihò ìdí ìrókò nínú Igbó Àìpadà. Nígbà tó máa yọ lódìkejì, ó ti bọ́ sí ayé mìíràn, tó jìnnà ju ìràwọ̀ tí ojú wa lè rí lọ. Oòrùn ibẹ̀ pupa, ó tóbi, kì í là, kì í wọ̀. Ojú kan ló dúró sí láti ìwáṣẹ̀. Apá kan ayé náà ń jó lábẹ́ ọ̀sán tí kì í tán, apá kejì dì sínú yìnyín àti òkùnkùn, àárín méjèèjì, níbi tí ìrọ̀lẹ́ kì í kúrò, ni àwọn ẹlẹ́mìí ń gbé. Ara Ọdẹ́rìndé wúwo bí ẹni tó pọn ara rẹ̀ sẹ́yìn. Igi ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹyẹ ibẹ̀ kò níyẹ̀ẹ́, òjò ibẹ̀ ń rọ̀ ní ìbú, àwọn ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́fà sì ń ha òkúta jẹ.

Ọ̀kan nínú wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ọmọ ibí gan-an ń rọra rìn, àlejò ń sáré! O ò mọ̀ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́?"

"Ọmọ Ọdẹ́gbàmí kì í rọra!" Bẹ́ẹ̀ ló tan iná ọdẹ iwájú orí rẹ̀, ó tọ ipasẹ̀ ìgalà náà lọ sí apá òkùnkùn.

Ojú méjì tàn yòò níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ òfin ọdẹ: bí ojú bá tàn, a kọ́kọ́ súfèé; ẹran á sá, ènìyàn á dáhùn. Ọdẹ́rìndé ní ta ni yóò dáhùn níbi tí kò sí ènìyàn? Ó yìnbọn.

Igbe obìnrin ló gbọ́. Ará ilẹ̀ náà ni, ó ń gbé omi gbígbóná bọ̀ fún Ọdẹ́rìndé, àlejò tí òtútù ń pa. Ọta ti bà á léjìká, omi ti dà nù.

"Mo gbé! Mo ti ṣe ohun tí baba mi ò ṣe rí!" Ọdẹ́rìndé bú sẹ́kún.

"Gbé mi lọ sójú oòrùn," ni obìnrin náà wí. "Ẹ̀jẹ̀ wa kì í dá nínú òtútù."

Ó ju ìbọn nù, ó pọ̀n ọ́n. Ojú ń tì í, ó ń bá ara rẹ̀ wí bó ṣe ń lọ, ẹ̀rù sì ń bà á kí obìnrin náà má kú sí i lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dójú oòrùn, ẹ̀jẹ̀ dá.

"Kí ni mo ṣe fún ọ?" ni obìnrin náà bi í. "Ìwọ ìbá ké sí mi, èmi ìbá dáhùn."

Obìnrin náà dìde, ó di ejìká tí ọta bà mú, ó mú Ọdẹ́rìndé dé ẹnu ihò.

Nígbà tó délé, àwọn ọdẹ ń yìnbọn sókè, àwọn ìyàwó ilé ń kì í. Ó ní kí wọ́n dákẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, ibi tí ẹ kò dé rí, ẹ má sọ pé kò lẹ́ni. Ohun tí Ọdẹ́rìndé sọ fún wọn lọ́jọ́ náà nìyí: "Ẹ má kì mí. Ẹni tí mo yìnbọn fún ló fọ̀nà ilé hàn mí."