Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Fadérera Yadi

Fadérera kò ríran. Ògbólógbòó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ló ń ka ohun tó bá tẹ̀ sí i létí. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà yadi, Múyídéèn, akẹgbẹ́ rẹ̀, sáré lọ bá ọ̀gá: "Fadérera ti bà á jẹ́ o!"

Ọ̀gá kò bi Fadérera ní nǹkan kan. "Máa lọ sílé. Iṣẹ́ ti tán."

Fadérera ń táràrà wá ọ̀pá rẹ̀.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe dé. "Ta ló kó ètò tuntun lé arúgbó kọ̀ǹpútà yìí lórí? Òun ló lé ètò ohùn jáde."

Múyídéèn sorí kọ́. "Èmi ni."

Wọ́n dá ètò ohùn padà, kọ̀ǹpútà fọhùn.

"Ó yá, padà sẹ́nu iṣẹ́," ni ọ̀gá wí.

Fadérera ní: "Ọ̀gá, tótó ṣe bí òwe o: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kọ̀ǹpútà ti sọ tirẹ̀. Ṣé ẹ ó gbọ́ tèmi báyìí?"