Ọkọ̀ Kékeré Tí Kò Tíì Yẹ fún Ọ̀dà

Ọkùnrin kan wà nílùú kan ní Èkìtì, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi igi gbẹ́ ọkọ̀ kéékèèké, irú èyí tí ènìyàn lè gbé lé àtẹ́lẹwọ́. Bó bá gbẹ́ ẹ tán, yóò fi ọ̀dà kùn ún títí yóò fi máa dán bí omi inú àwo. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ máa ń wú u lórí, kò sì fi í bò.

Nígbà tí ìlú fẹ́ ṣí gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n ní kí ó gbẹ́ irú ọkọ̀ akẹ́rù tó kọ́kọ́ wọ ìlú náà, kí wọ́n lè gbé e sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n sì kọ orúkọ òun agbẹ́gi sábẹ́ rẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ, ó fi pọ́tì dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ ojú igi, ó fi sáńpépà ha á kí ara rẹ̀ lè jọ̀lọ̀. Ṣùgbọ́n ìkánjú ti wọ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan ibì kan lára ilẹ̀kùn tó rí gbágungbàgun díẹ̀, ó sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀dà yóò bò ó. Ó fọ́n ọ̀dà pupa sí i.

Ọ̀dà gbẹ, ó ń kọ mànà. Àṣé ibi tó dán jù ni àbùkù ti ń hàn jù. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tó yẹ kó tẹ́jú lára ilẹ̀kùn náà ṣẹ́ wọ́kọwọ̀kọ níbẹ̀. Ó tún fọ́n òmíràn lé e. Àbùkù náà wá hàn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó kọjú ìhà yẹn sí ògiri, pé ta ni yóò rí i. Ọkùnrin náà gbé ọkọ̀ náà dání pẹ́. Ó ro ti orúkọ tí wọn yóò kọ sábẹ́ rẹ̀. Ó mú sáńpépà, ó sì ha gbogbo ọ̀dà náà kúrò títí igi fi yọjú.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé, ó gbé ọkọ̀ náà wá ní ìhòòhò, láìsí ọ̀dà lára rẹ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Alága ayẹyẹ náà bi í bóyá ọ̀dà ló tán.

Ó dìde, ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, ọ̀dà ń bẹ nílé. Ara ọkọ̀ ni kò tíì yẹ fún un. Bí mo bá kùn ún báyìí, àṣìṣe mi ni màá mú dán.”

Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé, kò sì fi ojú wo ilẹ̀. Ó dí i, ó ha á, ó fọ̀ ọ́, ó tún ha á, títí ìka rẹ̀ fi ń yọ̀ lórí ilẹ̀kùn náà láìkọsẹ̀. Ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wá ń fọ́n, á jẹ́ kó gbẹ kó tó fọ́n òmíràn. Nígbà tó gbé e wá sí gbọ̀ngàn, ọmọ awakọ̀ tó wa ọkọ̀ àkọ́kọ́ náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti darúgbó, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó rí ojú ara rẹ̀ lára ilẹ̀kùn, ó sì rọra tún fìlà rẹ̀ ṣe níbẹ̀. Agbẹ́gi náà rí i, orí rẹ̀ wú.

Ìwọ tí mo ń sọ ìtàn yìí fún, tí wọ́n fẹ́ fi jẹ olórí ẹgbẹ́, má rò pé ipò yóò bo ìwà rẹ mọ́lẹ̀. Dídán kì í bo nǹkan, ṣe ló ń fi í hàn. Ìjà tó wà láàrin ìwọ àti àbúrò rẹ, lọ parí rẹ̀ ná. Bó bá sì gba pé kí o sọ fún wọn pé o kò tíì ṣe tán, sọ ọ́ ketekete, má tijú.