Omi Lásán Ọ̀mọ̀wé Fágbàyí

Ọ̀mọ̀wé Fágbàyí rí èròjà tuntun nínú omi ewé akòko. Ọjọ́ náà gan-an ló fẹ́ fi ìwé ìwádìí rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé, kí ó lè di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ìyá Bọ́látitó, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń wọn èròjà, bi í pé, “Ọ̀mọ̀wé, ṣé ẹ ti wọn omi lásán tí kò ní ewé nínú?”

“Omi lásán kẹ̀? Ìyẹn kéré, Ìyá.”

“Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ.”

Ọ̀mọ̀wé bu omi lásán sínú igo, wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Èròjà tuntun náà yọ gedegbe! Òrí tí Ọ̀mọ̀wé fi para ló ti ìka rẹ̀ wọnú igo, ìwọ̀n tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà, ó sì wo ìka rẹ̀.

“Ìyá, ẹ ṣeun o. Díẹ̀ ló kù kí n kéde ìpara ara mi fún gbogbo ayé.”