Asẹ́ Tí Ọwọ́ Kò Lè Dé

Ọkùnrin kan wà tí ó fi ọgbọ̀n ọdún tún bàálù oníbàálù ṣe ní pápákọ̀ òfurufú. Àwọn ẹlòmíràn ń gòkè, òun ń nu ọwọ́. Nígbà tí ó fẹ̀yìntì, ó padà sí ìlú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan bàálù kékeré oníjókòó méjì lẹ́yìn ilé. Ọdún mẹ́jọ ni ó gbà á. Ìjókòó kan jẹ́ tirẹ̀. Èkejì jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀, ẹni tí ó ti ṣèlérí fún láti ìgbà èwe wọn pé òun yóò fi odò ìlú wọn hàn án láti òkè.

Ọkùnrin náà mọ epo bẹntiróò tí à ń rà. Ó mọ̀ pé ìpẹtà àgbá wà nínú rẹ̀, iyanrìn sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ó wá asẹ́ tí ojú rẹ̀ wẹ́ jù lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó rà. Ó fi í sí àárín táńkì àti pọ́ǹpù tí ń fa epo lọ sínú ẹ́ńjìnnì, ó fi páànù bò ó, ó kàn án pa, ó sì kùn ún ní ọ̀dà, kí ara bàálù náà lè jọ̀lọ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tí àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ rí, wá kí i. Ó yí bàálù náà ká, ó yìn ín, ó sì dúró níbi páànù náà.

"Ọ̀gá, níbo lọwọ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ asẹ́ yìí?"

"Kí lọwọ́ ń wá débẹ̀? Asẹ́ gidi ni."

"Ìkòkò gidi náà là ń ṣí wò lórí iná."

Ìyàwó onílé rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi sọ fún un. Fèrèsé yàrá pàápàá, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń ṣí i."

Ọ̀rẹ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Fi asẹ́ olójú ńlá síwájú pọ́ǹpù, kí ó gba èyí tó le. Fi olójú wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí pọ́ǹpù yóò ti máa ti epo kọjá. Kí o sì fi méjèèjì síbi tí o ti lè tú wọn wò kí o tó gòkè."

"Ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Èyí tí mo fi síbẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹyọ iyanrìn kan kọjá."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní kí o máa tú u wò ni."

Kò tú u. Ọ̀dà náà dára lójú rẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ni ó fi ń gòkè ní òun nìkan, kò sí ìyọnu. Ní oṣù keje, ó mú ìyàwó rẹ̀ dání. Obìnrin náà so ìborùn mọ́ orí, ó jókòó. Wọ́n ga ju orí igi àràbà lọ. Odò náà yọ, obìnrin náà sì na ìka sí i. Bí ó ti nà án ni ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wúkọ́, ó sì dákẹ́. Epo kún táńkì. Kò rí ọ̀nà kọjá ni.

"Ṣé a ti dé ni?" obìnrin náà bi í.

Ọkọ rẹ̀ ti ń fi ojú wá ibi tí wọn yóò balẹ̀ sí. Inú oko ẹ̀gẹ́ ni bàálù náà gbé wọn balẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ obìnrin náà ṣẹ́ níbi méjì. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń fi ọ̀pá rìn, ọkọ rẹ̀ kì í sì í lè wo ọ̀pá náà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó wá gé páànù náà. Asẹ́ náà ti dí pátápátá. Ṣùgbọ́n rọ́bà tí epo ń gbà kọjá lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọ̀rẹ́ náà gbé e lé ọkùnrin náà lọ́wọ́.

"Asẹ́ yìí kò ṣẹ̀ ọ́," ó ní. "Iṣẹ́ tí o rán an ló jẹ́, títí kò fi sí àyè nínú rẹ̀ mọ́. Kò sì lẹ́nu tí ìbá fi pè ọ́."

Dáwódù, ìwọ ni èmi àgbà agboolé yìí ń pa àlọ́ yìí fún.

Láti ọjọ́ tí a ti sin baba rẹ, ọ̀dọ̀ rẹ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ilé yìí ń gbà kọjá. Ohun tí orogún ìyá rẹ sọ sí ìyá rẹ, o gbé e mì, kò dé etí ìyá rẹ. Èébú tí àbúrò kan bú èkejì, inú rẹ ni ó parí sí. Àwọn ará ilé ń sùn, wọ́n ń jí, wọ́n ní àlàáfíà wà. Òótọ́ ni. Ìwọ ni ò ń sẹ́ ọ̀rọ̀ fún wọn bí asẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ ti wá bá mi. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun ń gbọ́ lẹ́nu rẹ kò ju "ó dáa" lọ mọ́.

Mo ti dàgbà, ó sì ti rẹ̀ mí. Ẹni mẹ́ta ni mo ti bá wọn sin nínú agboolé yìí, tí a dúró létí ibojì tí a ń wí pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀. Èmi náà bá wọn wí i. N kò fẹ́ wí i ní ẹ̀ẹ̀kẹrin.

Jẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ máa kọ́kọ́ gba èyí tó le nínú ọ̀rọ̀ ilé. Wọ́n ti tó ọkùnrin, wọ́n ti tó obìnrin. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Èyí tó bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ, má kàn án pa mọ́ inú. Baba rẹ kò sí mọ́, ìyẹn ni o fi rò pé kò sí ẹni tí yóò tú ọ wò. Èmi ṣì wà. Ìyàwó rẹ wà.

Àwọn tó kó ẹjọ́ wá lónìí wà lẹ́nu ọ̀nà. Jẹ́ kí wọ́n dúró ná. Fa àpótí yẹn súnmọ́ mi, kí o sọ tìrẹ.